Ta ló ń jẹ́ ọmọ Mississippi?

Ìwé tí Bàámi tà jù láyé wọn, Gáítìn ni. Ìsọ̀ wọn wà ní Ọ̀rítamẹ́fà ní Ìbàdàn, kò jìnnà sí UCH: pákó mẹ́rin, tapólì kan, ìwé àlòkù láti ilẹ̀ dókè. Àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ ìṣègùn ló pọ̀ jù nínú oníbàárà wọn. Wọn á dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ gọ́tà, wọn á ní, "Bàbá, ẹ ní Guyton?" Bàámi á ní, "Gáítìn wo? Tuntun àbí ti àtijọ́?" Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni mí nígbà náà, mo sì gbà pé àrùn kan ló ń jẹ́ Gáítìn. Ojú àwọn tó ń rà á kì í fàrọ̀, ìwé ọ̀hún sì tóbi débi pé ọwọ́ méjèèjì ni wọ́n fi ń gbé e, bí ẹni gbé aláìsàn sọdá títì.

Nígbà tó yá, mo mọ̀ pé orúkọ èèyàn ni. Ṣùgbọ́n pé èèyàn náà ní ìlú, pé Mississippi sì ni ìlú ọ̀hún, ẹnu àìpẹ́ yìí ni mo mọ̀ ọ́n, nígbà tí mo lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lọ́dọ̀ àbúrò mi obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ ní Jackson, olú-ìlú ìpínlẹ̀ náà. Màámi ló yẹ kí wọ́n lọ wẹ ọmọ, orúnkún ni kò jẹ́ kí wọ́n lè jókòó pẹ́ nínú ọkọ̀ òfuurufú. Èmi tí mo ti ní físà lọ́wọ́ ni wọ́n rán. Ẹ wo ọkùnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún tó lọ wẹ ọmọ! Abọ́ ni mo fọ̀ títí mo fi padà wálé.

Lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, a gbé fóònù ti ìgò oyin kí àwọn ará ilé lè máa wò wá. Bí àdúrà ṣe parí ni àna mi gbé ìwé ẹ̀rí ìbí ọmọ náà sókè, ó ń rẹ́rìn-ín: "Bọ̀ọ̀dá, ẹ wò ó, Mississippi ni wọ́n kọ síbẹ̀. Ọmọ Mississippi leléyìí o." A ò mọ̀ pé Màámi ṣì wà lórí fóònù. Ohùn wọn ni a gbọ́: "Ta ló ń jẹ́ ọmọ Misisípì? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilé wo ni ẹ ní níbẹ̀ yẹn?"

Ẹ̀rín ni a fi ká a kúrò nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè yẹn kò kúrò lọ́kàn mi, nítorí gbogbo ibi tí mo bá lọ ní ìpínlẹ̀ náà ni mo ti ń rí àkọlé tó ń dá Màámi lóhùn: ibí ni a ti bí lágbájá, ibí ni tàmẹ̀dù gbé dàgbà. Lọ́dọ̀ tiwa, agbo ilé bàbá ẹni ni ìlú ẹni. A lè bí ọ sí Kánò kí o máa jẹ́ ọmọ Ìjẹ̀bú títí tí o ó fi kú. Ní Amẹ́ríkà, ibi tí ìyá rẹ bá ti rọbí ni wọn yóò gbé àkọlé sí.

Mississippi sì nílò àkọlé. Iye èèyàn tí wọ́n kà níbẹ̀ lọ́dún 2020 kò tó mílíọ̀nù mẹ́ta, ó sì wà lára àwọn ìpínlẹ̀ tó tòṣì jù ní gbogbo Amẹ́ríkà. Àwọn ará Alabama àti Arkansas tó múlé tì í ní ọ̀rọ̀ kan tí wọ́n máa ń sọ: ọpẹ́ ni fún Ọlọ́run tó dá Mississippi. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ń ka ẹni tó gbẹ́yìn, kì í kàn wọ́n. Síbẹ̀, bí o bá ń ka àwọn tó gbé orúkọ Amẹ́ríkà dé etí wa nílé, nínú orin, nínú ìwé, nínú eré, nínú bọ́ọ̀lù tiwọn tí wọ́n ń fọwọ́ gbá, Mississippi á máa yọjú léraléra bí ọmọ tálákà tó ń gba ipò kìn-ín-ní.

Ní pápákọ̀ òfuurufú ni mo ti kọ́kọ́ bá ẹnì kan pàdé. Orúkọ Medgar Evers ló wà lára pápákọ̀ Jackson. Decatur ní Mississippi ni wọ́n bí i sí lọ́dún 1925. Ó jagun fún Amẹ́ríkà nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, ó padà dé, wọ́n ní kò gbọdọ̀ dìbò. Láti 1954 ló ti ń ṣiṣẹ́ fún NAACP, ẹgbẹ́ tó ń jà fún ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, káàkiri ìpínlẹ̀ náà, ó ń forúkọ èèyàn sílẹ̀, ó ń ṣèwádìí àwọn tí wọ́n pa. Ní òru ọjọ́ 12 oṣù kẹfà ọdún 1963, ó sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ rẹ̀ níwájú ilé, ìbọn bà á lẹ́yìn. Ọmọ ọdún 37 ni.

Mo lọ wo ilé náà. Kò ní ilẹ̀kùn ní iwájú. Ẹ̀gbẹ́ ibi tí wọ́n ń gbé ọkọ̀ sí ni wọ́n ń gbà wọlé, nítorí ẹni tó bá dúró síwájú ilẹ̀kùn á di àfojúsùn fún ẹni tó ń ṣọ́ ọ láti títì. Ọta ìbọn náà gba ara rẹ̀ kọjá, ó gba fèrèsé, ó gba ògiri, ó dé ilé ìdáná, ó ba fíríìjì. Ilé kékeré, tí ó mọ́ nigín-nigín, bí ilé tíṣà. Ẹni tó pa á, Byron De La Beckwith, dé iwájú àwọn ìgbìmọ̀ adájọ́ lẹ́ẹ̀mejì ní 1964. Aláwọ̀ funfun ni gbogbo wọn, ẹnu wọn kò sì kò. Ó padà sílé. Ó di 1994 kí wọ́n tó dá a lẹ́bi. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n! Ní 2004 ni wọ́n wá fi orúkọ Evers sọ pápákọ̀. Àwọn àgbà wa ti sọ ọ́ tipẹ́ pé bí a bá kú là á dère, èèyàn kò sunwọ̀n láàyè. Mo ń fa àpótí mi jáde lábẹ́ orúkọ rẹ̀, mo sì ń ronú pé ìlú tó ń fi orúkọ ẹni tí a pa síbẹ̀ kí àlejò, ẹ̀rí ọkàn ń jẹ ẹ́, ó kéré tán.

Àwọn tó kúrò ni wọ́n pọ̀ jù nínú àwọn olókìkí náà. Oprah Winfrey, gbajúmọ̀ orí tẹlifíṣàn, Kosciusko ni wọ́n bí i sí ní 1954. Ìyá-ìyá rẹ̀ ló tọ́ ọ títí tó fi pé ọmọ ọdún mẹ́fà, wọ́n sì gbé e lọ bá ìyá rẹ̀ ní Milwaukee. Orúkọ tí wọ́n sọ ọ́ gan-an ni Orpa, aya ọmọ Náómì nínú ìwé Rúùtù, ẹnu àwọn èèyàn ló yí i po. Ó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín, torí Orpa inú Bíbélì ni ẹni tó fi Náómì sílẹ̀ tó padà sọ́dọ̀ àwọn èèyàn rẹ̀. Oprah kò padà. Ó wá ní 2006 láti ṣí ilé ìgbafẹ́ kan fún àwọn ọ̀dọ́ Kosciusko, wọ́n sì ti fi orúkọ rẹ̀ sọ títì kan níbẹ̀. James Earl Jones, òṣèré tó ni ohùn àrá yẹn, Arkabutla ni wọ́n bí i sí ní 1931, ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí wọ́n gbé e lọ sí Michigan. Ó di akólòlò níbẹ̀, ó sì dákẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó tún la ẹnu. Sam Cooke olórin, wọ́n bí i sí Clarksdale, Chicago ló ti dàgbà. Richard Wright òǹkọ̀wé bọ́ sí Memphis, ó bọ́ sí Chicago, ó bọ́ sí Paris, ibẹ̀ ló sì kú sí ní 1960.

Ida B. Wells ni mo fẹ́ràn jù nínú àwọn tó lọ. Ẹrú ni wọ́n bí i ní Holly Springs ní 1862. Ibà pọ́njú-pọ́ntọ̀ pa bàbá àti ìyá rẹ̀ ní 1878. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni, àwọn ẹbí fẹ́ pín àwọn àbúrò rẹ̀ kiri, ó ní ó ti o. Ó so irun rẹ̀ bí àgbà, ó gba iṣẹ́ tíṣà, ó ń bọ́ wọn. Memphis ló ti di oníwèé ìròyìn. Nígbà tí wọ́n pa ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan pẹ̀lú àwọn méjì mìíràn láìsí ìdájọ́ ní 1892, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka irú ikú bẹ́ẹ̀ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó ń kọ orúkọ, ọjọ́ àti ẹ̀sùn sílẹ̀. Wọ́n fọ́ ilé iṣẹ́ rẹ̀ yángá. Ó ti kú láti 1931, ọdún 2020 ni wọ́n tó fún un ní Pulitzer, ẹ̀bùn tí wọ́n fi ń yẹ́ àwọn akọ̀ròyìn sí.

Kí ló lé gbogbo wọn? Òwú ni, àti okùn tí wọ́n fi ń so aláwọ̀ dúdú kọ́ láìsí ìdájọ́. Ilẹ̀ Delta tó wà láàárín odò Mississippi àti odò Yazoo dúdú bí kọfí, ó tẹ́jú lọ bí ẹní. Ìgbà tí wọ́n dá ẹrú sílẹ̀ tán, wọn kò ní ilẹ̀. Wọ́n ń ro oko olówó, wọ́n á sì jọ pín irè. Olówó náà ló ń tà wọ́n ní irúgbìn, aṣọ àti oúnjẹ láwìn, òun náà ló ń kọ ìwé gbèsè. Ẹ ti mọ bí irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ ṣe máa ń parí: wọn á ṣiṣẹ́ ọdún kan, wọn á tún jẹ gbèsè wọ èkejì. Ìwọ̀fà tí kò ní ọjọ́ ìràpadà. Ẹni tó bá rí owó ọkọ̀ ojú irin á wọ ti Illinois Central lọ sí Chicago. Muddy Waters olórin náà wọ̀ ọ́ lọ ní 1943, tòun ti gítà rẹ̀. Nílé, tírátọ̀ ló ń wà lóko òwú Stovall.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sọ́dọ̀ Elvis Presley olórin, nítorí ọ̀rọ̀ kan tí n kò tíì rí kí òyìnbó kankan sọ. Ilé oníyàrá méjì ní Tupelo ni wọ́n bí i sí, ọjọ́ 8 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1935. Ìbejì ni. Èyí tó kọ́kọ́ jáde, Jesse, òkú ló wá. Nǹkan bí ìdajì wákàtí lẹ́yìn náà ni Elvis dé. Nítorí náà Kẹ́hìndé ni Elvis. Táyé rẹ̀ kọ́kọ́ wá tọ́ ayé wò, kò dùn mọ́ ọn, ó sì padà. Ká ní ọ̀dọ̀ wa ni, Gladys ìyá rẹ̀ ì bá ti lọ sọ́dọ̀ agbẹ́gilére, wọn ì bá gbẹ́ ère ìbejì fún un, kó máa wẹ̀ ẹ́, kó máa fún un lóúnjẹ bí ó bá ti ń fún Kẹ́hìndé. Àwọn Gladys kò ní irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Sàréè tí kò ní àmì ni wọ́n sin ọmọ náà sí. Àwọn tó sún mọ́ Elvis sọ pé ó máa ń mẹ́nu ba Jesse títí ayé rẹ̀. Mo dúró nínú yàrá kékeré yẹn ní Tupelo, àwọn arìnrìn-àjò ń ya fọ́tò bẹ́ẹ̀dì, èmi ń wá ibi tí ère ì bá wà.

Irú rẹ̀ tún ṣe mí ní Clarksdale. Wọ́n gbé gítà irin ńlá sókè ní oríta kan níbẹ̀, wọ́n ní ibẹ̀ ni Robert Johnson olórin ti ta ọkàn rẹ̀ fún èṣù lóru kó lè mọ gítà ta. Hazlehurst ni ìlú Johnson, orin 29 péré ló gbà sílẹ̀ kó tó kú ní 1938 ní ọmọ ọdún 27. Tommy Johnson, tí kì í ṣe ẹbí rẹ̀, ni wọ́n kọ́kọ́ ń pa ìtàn oríta náà mọ́. Ẹni tó bá dàgbà ní Ìbàdàn yóò béèrè pé èwo ni títa ọkàn níbẹ̀? Ẹni tó bá lọ sí oríta lóru lọ bá onílé oríta, ẹbọ ló gbé lọ, ó sì fẹ́ kí ọ̀nà là. Ó dà bíi pé ìtàn àtijọ́ kan wọ ọkọ̀ ojú omi, ó dé èbúté, àwọn oníwàásù sì pààrọ̀ orúkọ ẹni tó wà nínú rẹ̀. Mi ò lè fẹ̀rí ẹ̀ hàn yín, ṣùgbọ́n mo sọ owó idẹ kan sílẹ̀ níbẹ̀. Àna mi wò mí láwòjẹ. Mo ní, "Má dá mi lóhùn, ọmọ Ọ̀rítamẹ́fà ni mí."

Láti Clarksdale, a gba Ruleville lọ sí Indianola. Indianola ni ilẹ̀ B.B. King, olórin onígítà. Ẹ̀gbẹ́ Itta Bena ni wọ́n bí i sí ní 1925, Indianola ló sọ pé ó jẹ́ ilé òun. Ọdọọdún ló ń padà wá ṣeré fún wọn níbẹ̀, bó ṣe lówó tó, bó ṣe dàgbà tó. Nígbà tó kú ní Las Vegas ní 2015, wọ́n gbé e wálé, ẹ̀gbẹ́ mùsíọ́mù rẹ̀ ni wọ́n sin ín sí. Ó mọ̀ pé ilé ni àbọ̀ sinmi oko. Ẹni tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ gan-an wà ní Ruleville.

Fannie Lou Hamer ni ìkẹyìn nínú ogún ọmọ. Ọmọ ọdún mẹ́fà ló ti bẹ̀rẹ̀ sí í já òwú. Ní 1961 ó lọ sí ọsibítù kí wọ́n yọ kókó kan fún un, wọ́n yọ ilé ọmọ rẹ̀ mọ́ ọn láìsọ fún un. Ìyẹn wọ́pọ̀ débi pé wọ́n ní orúkọ ẹ̀fẹ̀ fún un níbẹ̀. Ọmọ ọdún 44 ni kó tó gbọ́ pé òun ní ẹ̀tọ́ láti dìbò. Lọ́jọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1962, òun àti àwọn mẹ́tàdínlógún wọ bọ́ọ̀sì lọ sí Indianola lọ forúkọ sílẹ̀. Wọ́n gbé ìwé òfin ìpínlẹ̀ fún un pé kó túmọ̀ ibi tó sọ nípa òfin "de facto". Ó ní ohun tí òun mọ̀ nípa rẹ̀ kò ju ohun tí ẹṣin mọ̀ nípa ọjọ́ Kérésìmesì lọ. Wọ́n ní kò yege. Ní ọ̀nà ilé, ọlọ́pàá dá bọ́ọ̀sì wọn dúró, wọ́n ní àwọ̀ rẹ̀ ti pọ́n jù, ó jọ ti ilé ìwé, wọ́n sì bu owó ìtanràn lé dírẹ́bà. (Ọlọ́pàá ojú ọ̀nà wa nílé kò tíì ronú kan àwọ̀ o, ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́.) Ẹ̀rù ń ba gbogbo wọn nínú ọkọ̀, obìnrin yìí bá gbé orin ìjọ sẹ́nu.

Alẹ́ ọjọ́ náà ni ọ̀gá oko ní kó lọ yọ orúkọ rẹ̀ kúrò tàbí kó kó ẹrù rẹ̀. Ọdún méjìdínlógún ló ti lò lóko yẹn. Ó fèsì pé òun kò torí rẹ̀ lọ forúkọ sílẹ̀, torí ara òun ni. Ó lọ lóru ọjọ́ náà. Lọ́dún tó tẹ̀ lé e, wọ́n tì í mọ́lé ní Winona, wọ́n lù ú débi pé kíndìnrín rẹ̀ kò gbádùn mọ́ títí tó fi kú. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1964 ó jókòó níwájú ìgbìmọ̀ ẹgbẹ́ òṣèlú Democrat ní Atlantic City, ó ń sọ gbogbo rẹ̀ lórí tẹlifíṣàn. Ààrẹ Lyndon Johnson sáré pe àwọn oníròyìn láti já ojú kámẹ́rà kúrò lára rẹ̀. Ní alẹ́, wọ́n gbé ọ̀rọ̀ obìnrin náà jáde lódindi, àwọn tó gbọ́ ọ wá pọ̀ ju ti ọ̀sán lọ. Ọdún yẹn kan náà ló dé Guinea, tó rí ibi tí àwọn dúdú ti ń ṣe ìjọba ara wọn.

Ó sì padà sí Ruleville. Ohun tó jọ mí lójú nìyẹn. Ní 1969 ó dá oko alájẹṣẹ́kù sílẹ̀, ó ń fún àwọn ìdílé ní abo ẹlẹ́dẹ̀ kí wọ́n sìn ín, kí wọ́n sì dá ọmọ padà fún ẹlòmíì. Jẹjẹrẹ ló pa á ní 1977, kò tíì pé ọgọ́ta ọdún, kò sì sí owó lọ́wọ́ rẹ̀. Ère rẹ̀ wà níbẹ̀ báyìí, ó na ọwọ́, ó di gbohùngbohùn mú. Ẹnikẹ́ni kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ tí a lọ, àfi èmi, àna mi àti ọkùnrin kan tó ń gé koríko.

Ní Jackson, nínú mùsíọ́mù tí wọ́n ṣí ní 2017 fún ìtàn ìjà ẹ̀tọ́ aláwọ̀ dúdú, ni mo ti tún bá James Meredith pàdé. Kosciusko ni wọ́n bí òun náà sí, ní 1933, ìlú Oprah. Ó ṣe ológun òfuurufú fún ọdún mẹ́sàn-án. Ó wá ní òun fẹ́ wọ yunifásítì ìpínlẹ̀ òun ní Oxford, níbi tí wọn kì í gba akẹ́kọ̀ọ́ aláwọ̀ dúdú. Gómìnà fúnra rẹ̀ dúró dí ọ̀nà. Lóru ọjọ́ tí wọ́n mú un wọ ọgbà, ọjọ́ 30 oṣù kẹsàn-án ọdún 1962, rògbòdìyàn bẹ́ sílẹ̀, èèyàn méjì kú, ọ̀pọ̀ fara pa, Ààrẹ Kennedy sì rán ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ ogun lọ. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Meredith forúkọ sílẹ̀, ó lọ jókòó nínú kíláàsì. Ó gboyè ní 1963.

Mo rò pé mo mọ ìtàn náà tán. Nígbà tí mo wá kà nípa ohun tó ṣe lẹ́yìn rẹ̀, mo ní láti tún un kà: ó lọ kẹ́kọ̀ọ́ sí i nípa ìṣèlú ní Yunifásítì Ìbàdàn, láti 1964 sí 1965.

Ìbàdàn tiwa! Ọkùnrin tí wọ́n kó ogun dá sílẹ̀ nítorí kó má baà wọ kíláàsì nílùú bàbá rẹ̀, wá sí ìlú wa, ó forúkọ sílẹ̀, kò sí ẹni tó ju òkò. Ìbàdàn kì í gbe onílé bí àjèjì, ìyẹn a ti mọ̀. Àsìkò náà kì í ṣe àsìkò jẹ́jẹ́ fún àwa fúnra wa: ìdìbò oṣù Kejìlá 1964 ti da ìlú rú, ti ìwọ̀-oòrùn tó tẹ̀ lé e ní 1965 ló sì bí wẹ́tìẹ̀. Mi ò mọ ohun tó ń gbà lọ́kàn rẹ̀ bí ó bá ń rìn láti ọgbà yunifásítì lọ sí Bódìjà lálẹ́. Àwọn tó wá láti Mississippi mọ òórùn ilé tí ń jó.

Ó padà síbẹ̀, sí Mississippi. Ní oṣù kẹfà ọdún 1966 ó ní òun yóò fẹsẹ̀ rin láti Memphis dé Jackson, kí aláwọ̀ dúdú lè rí i pé èèyàn lè rìn nílẹ̀ yìí láìbẹ̀rù. Ọjọ́ kejì ni wọ́n yìnbọn fún un. Martin Luther King àti àwọn mìíràn gbé ìrìn náà láti ibi tó dé, ara rẹ̀ sì yá tó láti bá wọn wọ Jackson lópin oṣù. Agídí ọkùnrin ni. Ó máa ń bá àwọn tó ń yìn ín jà, ó ti dara pọ̀ mọ́ àwọn olóṣèlú tó ya gbogbo èèyàn lẹ́nu. Kì í ṣe gbogbo nǹkan rẹ̀ ni mo fara mọ́. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo wà ní Jackson, ó ti lé ní àádọ́rùn-ún ọdún, ìlú náà ló sì ń gbé. Àbúrò mi ní kí a lọ wá ilé rẹ̀. Mo kọ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ fún bàbá arúgbó, pé mo ti Ìbàdàn wá?

Wọ́n gbẹ́ ère rẹ̀ sí ọgbà Oxford ní 2006, nígbà tó ṣì ń mí. Òwe àgbà kùnà lórí rẹ̀ nìyẹn, ó dère láàyè. Láàárọ̀ ọjọ́ kan ní 2014, wọ́n bá okùn ìso lọ́rùn ère náà.

Mo fò ọ̀pọ̀. Leontyne Price, akọrin láti Laurel, ọmọ agbẹ̀bí, tí wọ́n pàtẹ́wọ́ fún bí ìṣẹ́jú méjìlélógójì ní Metropolitan Opera ní New York ní 1961. Jerry Rice agbábọ́ọ̀lù, tí bàbá rẹ̀ jẹ́ bíríkìlà ní Crawford, tí àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ju bíríkì sí láti ilẹ̀ kó máa há a lórí àkàbà. Ọwọ́ tó há bíríkì ló wá há bọ́ọ̀lù ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Jim Henson tó fi aṣọ àti fóòmù ṣe ọmọlangidi tó di ọ̀rẹ́ gbogbo ọmọdé ayé, etí odò kékeré kan ní Leland ló ti ṣeré nígbà èwe. Eudora Welty kọ ìwé rẹ̀ nínú ilé kan ṣoṣo ní Jackson láti ìgbà ọ̀dọ́ títí tó fi kú ní 2001. Ọgbà òdòdó rẹ̀ ni mo lọ wò, mo sì sùn lọ lórí bẹ́ǹṣì.

Àbúrò mi ló wá sọ ti Gáítìn fún mi, bó ti ń fún ọmọ lọ́mú. Ó ní, "Bọ̀ọ̀dá, ṣé ẹ mọ̀ pé ibí ni Guyton ti kọ ìwé tí Bàámi ń tà?" Arthur Guyton, Oxford ni wọ́n bí i sí ní 1919, dókítà ojú ni bàbá rẹ̀. William Faulkner, òǹkọ̀wé tó wá gba ẹ̀bùn Nobel, jẹ́ ará àdúgbò. Òun àti ọmọ náà máa ń ta ṣẹ́ẹ̀sì, ọmọ náà kan ọkọ̀ ojú omi kékeré kan, ó tà á fún un. Oníṣẹ́ abẹ ló fẹ́ jẹ́. Ní 1946, nígbà tó ń kọ́ṣẹ́ ọ̀hún lọ́wọ́ ní Boston, àrùn rọmọlápárọmọlẹ́sẹ̀ mú un, ó ba ẹsẹ̀ rẹ̀ ọ̀tún, ó ba apá rẹ̀ òsì àti èjìká. Iṣẹ́ abẹ parí nìyẹn. Ó padà sílé, sí Mississippi, ó ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́. Ó ṣe kẹ̀kẹ́ aláìlèrìn tó ń fi iná mànàmáná rìn. Nítorí pé ó fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ ní ìwé tó yé wọn nípa bí ara èèyàn ṣe ń ṣiṣẹ́, ó kọ èyí tó jáde ní 1956, òun nìkan ló sì kọ ọ́ láti ẹ̀dà kìn-ín-ní dé ìkẹjọ. Ó bí ọmọ mẹ́wàá, gbogbo wọn di dókítà.

Ohun tó wádìí jù ni ìdí tí ẹ̀jẹ̀ fi ń ru. Àwọn tó ṣáájú rẹ̀ gbájú mọ́ ọkàn. Ó fi hàn pé bí ọ̀rọ̀ bá ti pẹ́ nílẹ̀, kíndìnrín ló ń pinnu: bí kò bá da iyọ̀ àti omi nù bó ti yẹ, ìfúnpá á gòkè, á sì dúró síbẹ̀. Ní 1972 ó ya gbogbo bí ẹ̀jẹ̀ ṣe ń yí po sínú àwòrán kan tí àpótí inú rẹ̀ lé ní 350, ó jọ wáyà iná àdúgbò Bẹẹrẹ. Ìlú tó ti ṣe iṣẹ́ yìí ni wọ́n ti wá ń tẹ̀ lé ìlera ọkàn àwọn aláwọ̀ dúdú tó lé ní 5,300 láti 2000, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru ń pa wọ́n ní Jackson bó ti ń pa wa nílé. Bàámi fúnra wọn ń lo oògùn rẹ̀ láràárọ̀. Wọ́n ta ìwé náà fún bí ọgbọ̀n ọdún láìmọ̀ pé ọ̀rọ̀ ara wọn ni wọ́n ń tà.

Alẹ́ ọjọ́ tí mo gbọ́ ni mo pè wọ́n. Mo ní, "Bàámi, ìlú Gáítìn ni mo wà o."

Wọ́n dákẹ́ díẹ̀. "Gáítìn Gáítìn? Ó wà láàyè?"

"Rárá sà. Jàǹbá ọkọ̀ ló pa á ní 2003."

"Haà. Ọlọ́run ó tẹ́ ẹ sáfẹ́fẹ́ rere." Mo tún bi wọ́n bóyá wọ́n gbọ́ nípa ọmọ Amẹ́ríkà kan tó wà ní yunifásítì ní 1964. Wọ́n ní iṣu ni àwọn ń kiri nígbà yẹn, yunifásítì kò sí lójú ọ̀nà àwọn. Ọmọ bú sẹ́kún nínú yàrá kejì, Màámi gba fóònù lọ́wọ́ wọn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ki í: ọmọ ajòrò sùn, ọmọ ajẹ̀gbín yó, ọmọ afìkarahun fọ́rí mu. Àbúrò mi gbé etí ọmọ náà ti fóònù. Mo gbọ́ ohùn Bàámi lẹ́yìn lọ́hùn-ún, wọ́n ń pariwo kí oríkì tó parí:

"Bi í léèrè, èló ni wọ́n ń ta èyí tuntun níbẹ̀?"